Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌDÍLÉ: Ọ̀ṢỌ́ KÉRÉSÌMESÌ TÍ KÒ NÍ PA ỌMỌ LÁRA

Ẹsẹ Bíbélì fún kíkà: Lúùkù 2:1-20, Léfítíkù 23:39-43.

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí olúkúlùkù ìdílé lè mọ ohun ọ̀ṣọ́ tó yẹ ilé tí ọmọ wà, àti èyí tí kò yẹ.



Ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ ní kí a kọ sínú ìwé ìrántí yìí, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó dá lórí àwọn nǹkan tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Kérésìmesì: ẹ̀wọ̀n dídán, igi ike, iná wínníwínní, ọ̀dà, àbẹ́là àti ewéko. Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín pé kí ló kan akọ̀wé ìjọ nínú ìyẹn. Ẹ ní sùúrù fún wa. Ohun tí ojú wa rí ló jẹ́ kí a kọ ọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Gbogbo ará Ìdí-Ìrókò ló rántí pé oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí ti ọ̀dọ̀ wa níbí. Kérésìmesì mẹ́ta ni a ṣe láàárín ìgbà náà. Ọjà ò lọ geere, owó ò sí lọ́wọ́ èèyàn, àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tó máa ń gba Ìgòlò wọlé sì wọ́n gógó. Kí la ṣe? Imọ̀ ọ̀pẹ la gé. Ọparun la fi ṣe ìràwọ̀. Àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fi pépà ṣe ẹ̀wọ̀n aláràbarà, wọ́n fi í yí gbogbo òpó ká. Ilé Ọlọ́run dára, ó ń ta sánsán. Síbẹ̀, a ń kùn. A ní ìyà ló ń jẹ wá.

Nígbà tí ẹnubodè ṣí, inú wa dùn jọjọ. Ní Kérésìmesì ọdún 2022 ìgbìmọ̀ ya owó sọ́tọ̀, àwa akọ̀wé la sì fọwọ́ sí ìwé owó náà. A ra ẹ̀wọ̀n dídán aláwọ̀ wúrà àti fàdákà. A ra igi ike kan tí wọ́n ti lò rí. A ra àbẹ́là kékeré oníbátìrì méjìlá, irú èyí tí kì í jó, torí a rò pé òun ló ní ààbò jù. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Owó rẹ̀ kò wọ́n, la bá sanwó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ń kọ orin Kérésìmesì, ọmọdékùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ta, mú ọ̀kan nínú àbẹ́là náà lábẹ́ igi. Ìdérí ìdí rẹ̀ kò ní skúrù. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀, tó rí bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, jábọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rí i, tó figbe ta.

Ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Ẹnìkan ní kí a fún un ní epo pupa mu. Ẹlòmíràn ní kí a ki ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ kó lè bì. Àwọn mìíràn ní kí a gbé e lọ síwájú pẹpẹ, kí a fún un lómi àdúrà, pé yóò yà á jáde tó bá di ọ̀la. Àwa náà dúró bí igi, a ò mọ èyí tí a ó ṣe. Ìyá Ìjọ ló gbà wá. Màmá ní, “Ẹ gbé ọmọ sínú ọkọ̀! Ṣé Ọlọ́run ò sí nínú ọkọ̀ ni?” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà, tí dẹ́rẹ́bà ń wakọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a gbé e lọ, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n rí i pé bátìrì náà há sí ọ̀nà oúnjẹ. Wọ́n yọ ọ́ lóru ọjọ́ náà. Dókítà sọ fún wa pé ká ní a dúró di ọjọ́ kejì ni, ì bá ti jó ọ̀nà ọ̀fun lu. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ náà ń bẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé lónìí. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi lè gbé iyán tàbí ẹ̀bà mì.

A kò sọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tiwa ló fọwọ́ sí owó náà. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà tó wà nínú ìjọ, tí a bèèrè, tí a sì kà nípa rẹ̀.

ẸNU ỌMỌ NI ÒṢÙWỌ̀N

Bí ẹ kò bá lè rántí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ rántí gbólóhùn kan yìí: àgbà a máa fi ojú wo ọ̀ṣọ́, ọmọ a máa fi ẹnu wò ó. Ohun tí a kọ́ sára ògiri, eruku rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ ni ọmọ ń rá. Ọwọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ tún kan ẹnu. Nítorí náà, ohun tí kò bá ṣeé fi sẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé ń gbé òkúta tó ní wúrà nínú wá sí agbo ilé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kí wọ́n lè rí wúrà yọ. Òjé wà nínú òkúta náà, irú òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Eruku rẹ̀ dà sílẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣeré nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Kò sẹ́ni tó bu májèlé fún wọn jẹ. Owó oúnjẹ àwọn ọmọ náà ni òbí wọn ń wá. A kò sọ pé ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì burú tó bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀nà tí májèlé ń gbà wọ ara ọmọ ni a fẹ́ kí ẹ rí: láti ilẹ̀ dé ọwọ́, láti ọwọ́ dé ẹnu.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu fún ọmọdé. Ọpọlọ ló ń bá jà. Ọmọ lè má ṣàìsàn tí a ó fi ojú rí, ṣùgbọ́n ìwé kò ní tètè yé e, ọkàn rẹ̀ kò ní fara balẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, a ó sì máa nà án pé olódo ni.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Èkínní: Ẹ̀wọ̀n dídán àti igi ike. Láyé àtijọ́, òjé gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àwọn fọ́nrán dídán tí wọ́n ń so mọ́ igi Kérésìmesì nílùú òyìnbó, torí pé ó wúwo, ó sì máa ń rọ̀ dáadáa lórí ẹ̀ka. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn rí i pé ewu ni fún ọmọdé, àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé sì gbà láti dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà lónìí, ike ni. Ṣùgbọ́n irú ike tí wọ́n ń pè ní PVC, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ igi Kérésìmesì àti ara wáyà iná, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń po òjé mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́ kí ooru má baà tètè bà á jẹ́. Bí ike náà bá ti gbó, á gbẹ, á máa já, eruku rẹ̀ á sì máa bọ́. Ẹ má ṣe ra igi ike tí wọ́n ti lò gbó, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ẹni tó bá ti ní èyí tó ṣì dára nílé, kó fi aṣọ tútù nù ún kí ó tó gbé e kalẹ̀, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn náà, kí ó sì gbé e ga kúrò nílẹ̀.

Tí ọdún bá sì ti parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. A mọ̀ pé oṣù kìn-ín-ní la máa ń gbá àyíká, tí a ń dáná sun pàǹtírí. Èéfín PVC ń ta ojú, ó ń ta ọ̀fun, ó sì ní májèlé tí ń pẹ́ nínú ara. Ẹ má sì fi ṣáná igi ìdáná láéláé.

Èkejì: Yìnyín àtọwọ́dá. Ọyẹ́ ni Ọlọ́run fún wa ní Ìdí-Ìrókò, kò fún wa ní yìnyín. Síbẹ̀ a fẹ́ kí ilé wa rí bí ti ilẹ̀ òyìnbó. Ẹ wá gbọ́: ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1945, àwọn òyìnbó fúnra wọn ń ra asbestos funfun láti fi ṣe yìnyín Kérésìmesì nínú pálọ̀, nǹkan tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọn kò mọ̀ nígbà náà. Òwú tí àwa ń lò kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n tí iná àbẹ́là bá kàn án, kò ní sùúrù. Èyí tí wọ́n ń fín jáde láti inú agolo, òórùn rẹ̀ kò dára nínú yàrá tí a ti fèrèsé pa.

Ẹ̀kẹta: Ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun ibùjẹ ẹran tí a fi pákó kàn, tàbí kí a fi kun ìràwọ̀. Wọ́n ti máa ń fi òjé sínú ọ̀dà olóróró, pàápàá jù lọ pupa àti yẹ́ẹ̀lò, kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn. Àwọn olùwádìí ti yẹ ọ̀dà tí wọ́n rà lọ́jà Nàìjíríà wò, wọ́n sì bá òjé púpọ̀ nínú àwọn kan. Ọ̀dà olómi tí a kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní òjé ni kí ẹ béèrè. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń hó lára ibùjẹ ẹran, ẹ má ha á ní gbígbẹ níbi tí ọmọ wà.

Ẹ̀kẹrin: Iná, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ yẹ ìdí gbogbo ohun oníbátìrì wò: bí kò bá ní skúrù, ẹ má rà á. Káàdì tó ń kọrin àti ìṣeré tó ń tàn náà ní bátìrì yìí nínú. Èyí tó ti kú pàápàá lè jó ọ̀fun, nítorí náà ẹ má jù ú sílẹ̀. Ní ti jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń tan iná Kérésìmesì, èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Kò gbọ́dọ̀ wà ní kọ́rídọ̀, kò gbọ́dọ̀ wà ní kíṣìnnì, kò sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, ì báà ṣe nítorí olè.

Ẹ̀karùn-ún: Àbẹ́là. Àwa ìjọ Aládùúrà kò lè ṣe láìsí àbẹ́là, a kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tàn án. Ṣùgbọ́n àwọn àbẹ́là kan wà tí wọ́n ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú òwú rẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán. Nígbà mìíràn òjé ni irin náà, bó bá sì ti ń jó ló ń dà sínú afẹ́fẹ́. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi òfin de irú èyí ní ọdún 2003. Ẹ tú orí òwú náà wò kí ẹ tó tàn án. Bí irin bá wà níbẹ̀, ẹ fi ha pépà funfun: bó bá fa ìlà bíi ti pẹ́ńsù, òjé ni, ẹ gbé e jù nù. Ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí àbẹ́là àti tùràrí bá ń jó.

Ẹ̀kẹfà: Ewéko àti èso. Ti inú igbó náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ wo ojú ológbò, èso pupa olójú dúdú tó rẹwà bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí eyín ọmọ bá fọ́ ẹyọ kan, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Èso lápálapá ń dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ṣùgbọ́n èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀lé e. Igi olódòdó yẹ́ẹ̀lò tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní oje funfun, tí a fi ń ṣe ọgbà ilé, èyí tí àwọn kan ń pè ní olómi-òjò, ọkàn ni májèlé rẹ̀ ń bá jà. Òdòdó pupa Kérésìmesì tó ti Mẹ́síkò wá ńkọ́? Àwọn ènìyàn ti bà á lórúkọ jẹ́ pé apani ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oje rẹ̀ lè yún ara, ó sì lè da inú rú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkeje: Báńgà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kà á mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé kan tí wọ́n kó báńgà pamọ́ sí ní ìhà Jáńkárà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bú gbàmù. Ẹ̀mí lọ, ọ̀pọ̀ ilé sì jóná. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ ilé yín.

OHUN TÍ A LÈ LÒ

Ohun rere kò jìnnà sí wa. Ẹ gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà àti ara òpó. Ẹ fi ọparun àti ìko ṣe ìràwọ̀. Ẹ kó àkísà àdìrẹ àti aṣọ òkè tí télọ̀ fẹ́ dànù, ẹ rán an pọ̀ mọ́ okùn. Ẹ fi pépà ṣe ẹ̀wọ̀n, ẹ sì fi ògì tí a rò tàbí sitáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ẹ́. Fún àwọ̀ pupa, ẹ bọ pépà sínú omi ìṣápá. Fún yẹ́ẹ̀lò, ẹ lo ata-ilẹ̀ pupa. Ẹ gé ọsàn pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ẹ sá a sínú ọyẹ́, yóò gbẹ, yóò sì máa ta sánsán. Igbá kékeré tí a fín dára púpọ̀. Bí ọmọ bá fi ẹnu kan àwọn wọ̀nyí, ọkàn yín kò ní já. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n jìnnà sí iná, nítorí imọ̀ gbígbẹ a máa jó kíákíá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń pọ́n.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ nípàdé: “Ṣé màrìwò kọ́ nìyẹn? Ṣé Ògún la fẹ́ bọ ni?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti àìmọ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó béèrè rẹ̀. Bàbá Olùṣọ́ ló dáhùn rẹ̀ fún wa. Imọ̀ ọ̀pẹ wà nínú àjọ àgọ́ tí Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì ní Léfítíkù 23. Àwòrán igi ọ̀pẹ wà lára ògiri tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì ní Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí kẹfà. Àwa fúnra wa ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ọlọ́run ló dá ọ̀pẹ kí ẹnikẹ́ni tó fi í bọ nǹkan. Láti ìgbà tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, ariyanjiyan náà ti rọlẹ̀.

BÍ NǸKAN BÁ ṢẸLẸ̀

1. Bí ọmọ bá gbé bátìrì mì, tàbí tí a fura pé ó gbé e mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, bátìrì lè jó ọ̀fun gidigidi.
2. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má mú kí ó bì. Ẹ má fún un lóúnjẹ.
3. Bí ọmọ náà bá ti lé ní ọdún kan, tó sì lè gbé nǹkan mì, àwọn onímọ̀ ní a lè fún un ní oyin ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, bí a bá ti ń lọ lọ́nà. A kò gbọ́dọ̀ torí wíwá oyin dúró.
4. Bó bá jẹ́ èso tàbí ewé ló jẹ, ẹ mú èyí tó ṣẹ́kù dání kí dókítà lè rí i.
5. Ẹ máa gbàdúrà, kí ọkọ̀ sì máa lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Ta ni ó kéré jù nínú ilé wa, ibo sì ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó?
2. Nínú àwọn ọ̀ṣọ́ tó wà nínú àpótí wa, èwo ló ń hú, èwo ni kò ní skúrù?
3. Kí ni Màríà àti Jósẹ́fù ní lọ́wọ́ láti fi ṣe ibi tí wọ́n tẹ́ Ọmọ náà sí lọ́ṣọ̀ọ́?

Ẹ̀yin ará, Ọmọ ọwọ́ ni Ẹni tí à ń torí rẹ̀ ṣe ọdún náà. Aṣọ ni wọ́n fi wé e, ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Kò sí ohun dídán kankan níbẹ̀ àfi ògo Ọlọ́run. Kò yẹ kí ọ̀ṣọ́ tí a fi ń yẹ Ọmọ kan sí wá di ohun tó ń ṣe ọmọ mìíràn níbi. Ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ yìí, imọ̀ ọ̀pẹ ni ìgbìmọ̀ ti pinnu pé a ó fi ṣe ilé Ọlọ́run lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ọmọ yóò sì ṣe ẹ̀wọ̀n pépà wọn. Àwa la ó tún fọwọ́ sí ìwé owó náà, ìwọ̀nba owó pépà àti ògì ni yóò sì wà níbẹ̀.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí. Kí a má fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé nínú àlàáfíà, ní orúkọ Jésù. Àmín.